"Ilé Wa" Ni Mo Pè É Níwájú Ọba

Láti ọjọ́ tí Kábíyèsí ti dá ẹjọ́ wa, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá wọ reluwé, màá kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní mọ̀. Màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ pàápàá ti bi mí pé kí ló ń lé mi kiri inú ilé. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé ẹnu ara mi ni mo fi gbé ilé tí mo kọ́ fún ìyá mi fún ẹlòmíràn?

Bàbá mi ló fún mi ní ilẹ̀ náà ní ìlú wa nígbà tó wà láàyè. Èmi nìkan ni mo kọ́lé sí i, nínú òtútù àti yìnyín Bronx níbí ni mo ti ṣiṣẹ́ owó rẹ̀. Ìyá mi kó wọlé, ó gbin ewúro sẹ́yìnkùlé, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí bàbá ṣe kú tí Bọ̀dá Akin, àkọ́bí ìyáálé ìyá mi, tó ń gbé ní Brooklyn, sọ pé ilé ẹbí ni, pé ká tà á ká pín in. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn!

Nígbà tí Kábíyèsí ìlú wa wá kí àwa ọmọ ìlú ní New York, àwa méjèèjì gbà pé kí wọ́n bá wa parí ẹ̀. Ilé ọmọ ìlú wa kan ní Queens Village ni wọ́n wọ̀ sí. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù òtútù lọ́rùn. Wọ́n ní kí n rojọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó bá ń pe "tèmi, tèmi" níwájú àgbà, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bí ọmọ kan ṣoṣo, "ọmọ wa" ló ń pè é. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni mo gbé dé iwájú ọba.

Mo ní, "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo gbé wá."

Bọ̀dá gbórí sókè kíá. "Kábíyèsí, ẹ gbọ́ o! Ó ní ilé wa! She said it herself!"

"Rárá o, Kábíyèsí, respect ni mo fi sọ ọ́."

Kábíyèsí ní, "Ọmọ mi, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ilẹ̀ bàbá yín ni, ìwọ náà sì pè é ní ilé yín. Ẹ lọ pín in ní ìrọ̀rùn."

Ta ni yóò bi ọba? Mo tún dúpẹ́! Èmi tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ mi, mo forí kanlẹ̀, mo ní Kábíyèsí o.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gba kóòtù lọ nílé, kí n tako ìdájọ́ Kábíyèsí; lójú ará ìlú, pípe ọba lẹ́jọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, ìyá mi ló sì ń gbé nínú ìlú náà. Ta ni yóò dáhùn ìkíni ìyá ẹni tó pe ọba lẹ́jọ́?

Màámi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n pè mí lánàá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo ń bọ̀ nílé wa?" Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo pariwo, "Ilé mi ni, Màámi! Ilé mi!"

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ilé rẹ ni. Ṣé kí n kó jáde ni?" Mo ní màá pè wọ́n padà, mo gé fóònù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n pe ọba lẹ́jọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n ta òrùlé lórí ìyá mi? Màámi ṣì ń retí kí n pè wọ́n padà.