Ìtọ̀ Mi Nínú Ìgò Ọbalolúwa

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Bámigbóyè, tí gbogbo Kàbbà ń pè ní Bàbá Onífírísà, ni mo tan ìyàwó ọmọ mi jẹ, tí mo sì fi ebi pa ọmọ-ọmọ mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà, wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ mi kan, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ gbọ́ mi tán.

Ọbalolúwa ni ọmọ náà ń jẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò tíì sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ní ọ́tísíìmù ni, pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀, èmi ò jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ti ń tú fírísà, yóò jókòó tì mí, yóò fọwọ́ lé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ tó ń gbọ̀n, yóò máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Fírísà tó ti kú ni mo ń tú tí mo ń tò padà, títí mo fi rí i pé kì í ṣe pé ó ń ṣe òtútù, ooru inú ẹrù ló ń kó jáde. Títí di òní, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Èmi àti ọmọ náà jọra: iwájú orí, etí, ìrìn. Èmi náà ti tó ọmọ ọdún méje kí n tó sọ̀rọ̀. Nílé wa, wọ́n ní bàbá ńlá kan náà ló ya àwa méjèèjì, mo sì gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣèyífúnmi, ìyá rẹ̀, tíṣà ni. Ayọ̀wálé ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Obìnrin náà rí láàbù kan lórí fóònù tó ń fi àpótí àyẹ̀wò ránṣẹ́ sílé. Ẹ ó gba ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá tọ̀ láàárọ̀, ẹ ó jẹ́ kó dì bíi yìnyín, ẹ ó dá a padà, wọn yóò sì wo bí ara ọmọ ṣe ń lo oúnjẹ. Kí n má parọ́, àpótí náà wù mí. Mo yẹ ìgò rẹ̀ wò, mo yẹ àpò tó ń pa òtútù mọ́ wò, mo ní kí Ṣèyífúnmi fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ta ló ní fírísà tó dáa ju tèmi lọ?

Ọmọ kò tọ̀ sínú ìgò náà. Ìdí igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ló ń tọ̀ sí, bó bá sì ti rí ìgò, yóò di etí rẹ̀, yóò sá. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí mọ́tò Àbújá máa gbé àpótí náà lọ sí láàbù, mo rò ó dáadáa. Bí wọ́n bá rí àléébù nínú ìtọ̀ ọmọ yìí, wọn ò ní jẹ́ kó sinmi mọ́. Èmi tí mo pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀, mo kọ́lé, mo bímọ, ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ kan náà kúkú ni. Bí mo ṣe ń yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fírísà kan sí òmíràn náà nìyẹn, bí wọ́n bá ti jẹ́ oríṣi kan. Mo mú ìgò náà, mo gba ẹ̀yìn igi lọ.

Rhoda, ìyàwó mi, pàdé mi bí mo ṣe ń bọ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ ti jí, mo ní ó ti jí. Bẹ́ẹ̀ òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ọmọ náà láṣọ. Ó wo ìgò, ó wò mí. “Bàbá Ayọ̀wálé, ṣé ojú oorun lọmọ ti wá ń tọ̀ nílé yìí ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èsì dé. Wọ́n ní ṣúgà pọ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ náà, kíndìnrín rẹ̀ sì ń jìyà. Obìnrin tó ta àpótí náà sọ lórí fóònù pé kò gbọdọ̀ jẹ iṣu mọ́, kò gbọdọ̀ mu ògì. Bẹ́ẹ̀ iṣu sísun àti epo pupa nìkan ni Ọbalolúwa ń jẹ. Yóò tu ohun mìíràn dànù. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ẹni tó ni ṣúgà. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ti ń kú tipiri, tí òùngbẹ kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo di òpùrọ́, mo sì di aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dákẹ́.

Ọmọ ń rù. Lọ́jọ́ kan ó yọ iṣu nínú iná Rhoda, ó kì í bọnu. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi dì í mú.” Mo dì í mú. Èmi tí mo ni ṣúgà, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ìyá rẹ̀ sì ń fi ìka wa iṣu jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó fi orí ti àyà mi, bí ẹni pé mo wá gbà á sílẹ̀ ni.

Egbò ẹsẹ̀ ló gbé mi débí. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó kí mi bí a ṣe ń kíni ní Kàbbà, ó ní, “Okun o, Bàbá. Ẹ ti ń gbé àtọ̀gbẹ kiri tipẹ́.” Ṣèyífúnmi wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé làwọn fẹ́ gbé ọmọ lọ sí Lọ́kọ́jà kó bẹ̀rẹ̀ oògùn tirẹ̀. Mo ní, “Má fún un ní nǹkan kan. Ìtọ̀ mi ni mo fi ránṣẹ́.” “Ẹ mọ̀, Bàbá,” ló sọ. “Ẹ mọ̀, ẹ sì dì í mú.” Wọ́n gún ọmọ náà níka lọ́jọ́ yẹn gan-an: ṣúgà rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Ṣèyífúnmi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìyamoyè.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n fẹ́ kí n sọ pé èṣù ló lò mí. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ara balẹ̀ rò ó ni, mo sì ṣe é. Wọ́n tún fẹ́ kí n sọ pé ọmọ náà bàjẹ́. Ìyẹn náà, n kò ní sọ ọ́ láéláé. Bí wọ́n bá fẹ́ tún àyẹ̀wò ṣe, kí wọ́n má gbé ìgò lé e. Kí wọ́n gbé abọ́ mímọ́ síbi tó bá ti fẹ́ràn láti tọ̀, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó jẹ́ ọ̀dọ́, bí àgbàlagbà bá ní òun mọ ohun tó wà lára ọmọ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ì báà jẹ́ bàbá yín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀. Lánàá mo ní kí Ṣèyífúnmi gbé fóònù sí ọmọ náà létí. Mo sọ fún un pé èmi ni, pé òun kò ṣe nǹkan kan, pé kó dárí jì mí. N kò gbọ́ nǹkan kan ju ẹnu tó ń jẹun lọ. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe.

“Ó ń jẹ iṣu,” ló wí, ó sì pa fóònù.