Tìróò tó gùn dé ẹ̀bátí

Ibi tí mo ti ń dúró kí ó kàn mí lọ́dọ̀ onítìróò lọ́jà Òmù-Àrán ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá kan:

"Fà á gùn dé ẹ̀bátí, bí mo ṣe ń lé e látijọ́. Wọ́n ní ọmọ mi obìnrin tí ogun Tápà kó lọ lógún ọdún sẹ́yìn wà ní Bídà. Bó bá rí ojú yìí, á mọ̀ mí."

"Ìyá, ojú yín ti hun jọ. Ẹ jẹ́ n lé e pẹ́ńpẹ́."

"Pẹ́ńpẹ́ kọ́ ni mo lé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un."

"Ojú ni mo lè lé tìróò sí o, ìyá. N ò lè lé e sí ogún ọdún."

Síbẹ̀, ó fà á. Omijé ìyá náà gbé e lọ. Onítìróò nù ún, ó tún fà á, ó wá bèèrè pé, "Báwo lọmọ náà ṣe dàgbà tó nígbà náà?"

"N ò tíì já a lẹ́nu ọmú."