Ẹ̀wà Ìbejì Tí Mo Sọ Di Dípù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má wulẹ̀ káàánú mi, nítorí òmùgọ̀ obìnrin ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni àwọn ìbejì mi máa pé ọdún mẹ́fà, bàbá wọn sì ti kó wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti àárọ̀, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Èmi tí mo bí wọn ni mo jókòó nílé ní àdúgbò Agric, tí mò ń wo ògiri. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bá wọn lọ. Ẹnu ara mi ló lé mi.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pé ọdún kan, àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ni mo fẹ́ fi pátì ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mi hàn. Ẹ ò mọ irú wọn! Ẹni tí kò kọjá Ìbẹ̀ṣẹ̀ tó wà nítòsí wa níbí rí nínú wọn ń fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi ní dípù: ẹ̀wà sísè tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ bọ́tà, àlùbọ́sà àti wàràkàṣì, tí wọ́n wá yan, tí wọ́n ń fi bisikíìtì bù ú jẹ ní gbígbóná. Ó wọ̀ mí lójú, orí mi sì wú.

Ìyá ọkọ mi wọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́ tòun ti ẹ̀wà olóyin àti epo pupa. Ìbejì ni ọkọ mi náà. Kẹ́hìndé rẹ̀ kú ní kékeré, síbẹ̀ màmá kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá kó má se ẹ̀wà wọn fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀wà àwọn ọmọ rẹ nìyí o. Kí àwọn ọmọdé jẹ ẹ́, kí wọ́n ṣàdúrà pé kí àwọn ìbejì rẹ dàgbà." Mo dúpẹ́, mo gba ẹ̀wà náà, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe dípù!

Nígbà tí pátì dùn, màmá rọra wọ pálọ̀. "Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ ti gbé abọ́ wọn dé. Ẹ̀wà dà?" Mo bú sẹ́rìn-ín lójú àwọn àlejò mi. Mo ní, "Màmá, òun nìyẹn lórí tábìlì. Kì í ṣe oúnjẹ àwọn ọmọ tí ikun ń dà nímú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ilé mi di Ẹ̀pẹ́." Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín, èmi rò pé màmá ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Màmá jáde, ó tú owó létí ìró rẹ̀, ó ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ náà, ó sì wọkọ̀ padà sílé.

Àwọn àlejò mi ńkọ́? Ẹni tó kọ́ mi ní dípù gan-an tọ́ ọ wò, ó yínmú, ó ní, "Ṣé mọ́ínmọ́ín tí kò jinná nìyí?" Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n di adìyẹ lọ sílé, dípù mi sì le bíi sìmẹ́ńtì nínú páànù mẹ́ta. Ẹ wo àwọn tí mo tìtorí wọn tàbùkù àgbàlagbà!

Màmá kò wá sílé mi mọ́. Ẹ̀pẹ́ ló ti ń se ẹ̀wà náà báyìí, tó bá sì sè é, ó máa ń bu tèmi sínú abọ́, á fi aṣọ dì í, á ní kí ọkọ mi gbé e fún mi. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́ rí. Ajá onílé ni mò ń dà á fún. Lọ́dún tó kọjá, Kẹ́hìndé mi bá mi níbi tí mo ti ń dà á nù. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò fẹ́ ká dàgbà ni?"

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ṣì wà ní gáréèjì, mo ti wọ bàtà, mo ti bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà, tó ṣì ń bu ẹ̀wà tèmi sọ́tọ̀?