Kànrìnkàn Onírin Tí Mo Fà Yọ Nínú Ihò Èéfín

Marla, ọmọ Noreen, òtítọ́ kan wà tí mo ti gbé mì fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mi ò sì lè gbé e wọ inú ilẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé jẹjẹrẹ tó wà nínú ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n rí yìnyín ọdún yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ rẹ̀ a máa ní òun yóò jẹ́wọ́ lọ́la, ṣùgbọ́n èmi ò ní ọ̀la púpọ̀ mọ́. Èmi ni Ewald Harder, aládùúgbò yín, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn sẹ́yìn nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo mọ̀ pé o lè fẹ́ ya ìwé yìí kí o tó kà á dé ìdajì. Jọ̀wọ́, kà á tán ná. Bàbá rẹ kọ́ ló pa ìyá rẹ. Èmi ni.

O ti lọ sí Toronto nígbà tí a rí ilé-ẹyin náà, nítorí náà ìdajì ìtàn rẹ̀ lo mọ̀. O mọ irú ilé tí mò ń wí, ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà kiri, tí wọ́n fi fáíbà ṣe ní ìlàjì méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá lẹ̀ pọ̀ níbàdí, tó fi rí roboto bí ẹyin. Inú oko kan lẹ́yìn ìlú Swift Current la ti rí i. Ọkùnrin tó ni ín ń sin adìyẹ nínú rẹ̀. Ìyá rẹ yọjú wọlé, ó bo imú, ó sì bú sẹ́rìn-ín pé òun ti rí ẹyin nínú adìyẹ rí, òun kò rí adìyẹ nínú ẹyin rí. Bàbá rẹ fẹ́ ká máa lọ. Èmi ni mo ní a ò lọ. Mo fi ìkúùkù gbá ara rẹ̀, mo rí i pé fáíbà náà le koko, kò sí ibi tó sán, mo sì ti mọ̀ lọ́kàn mi pé ọwọ́ mi ló máa sọ ọ́ di nǹkan.

Ìgbà òtútù kan gbáko ni mo fi tún un ṣe nínú abà mi. Irin abẹ́ rẹ̀ ti sán lọ́rùn, níbi tí gbogbo wọn ti máa ń sán. Mo jó o pọ̀, mo sì fi irin mìíràn tì í lẹ́yìn. Mo hú páákó ilẹ̀ tó ti jẹrà jáde, mo tẹ́ tuntun. Mo fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀ títí ìyẹ̀fun fáíbà fi wọ̀ mí lára, tí mò ń họ ara bí ajá fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín súpánà àti ṣíbí, ṣùgbọ́n ó ń di iná mú fún mi, ó sì ń po kọfí. Ìyá rẹ rán aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ìyeyè, ó sì ní kí n kan pákó kékeré kan fún ìkòkò tíì òun. Bí tíì bá ti ṣe tán, òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kan ògiri fáíbà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò, kò, kò, àwa tí a wà níta á sì wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo ní mo fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlégbóná kan sí i, ẹ̀rọ onígáàsì tí mo yọ lára ilé àfàkiri àtijọ́ kan. Bàbá rẹ ní bùláńkẹ́ẹ̀tì tó. Ìyá rẹ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ewald, ṣé ilé lò ń tún ṣe fún wa ni, àbí ààrò búrẹ́dì?"

Mo ní kó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ, pé lọ́jọ́ tí òtútù oṣù kẹsàn-án bá mú un létí adágún, á wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ nìyẹn.

Ìwọ náà mọ̀ pé èkúté ni ọ̀tá wa. Bí oṣù kẹwàá bá ti dé, gbogbo àwa onílé-ẹyin a máa gé kànrìnkàn onírin, irú èyí tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò, a ó fi dí gbogbo ihò tó wà lára ilé, ihò omi, ihò wáyà, ihò gáàsì, kí èkúté má baà wọlé bímọ sínú tìmùtìmù. Òfin kan ló wà: ẹni tó dí i ni yóò tú u. A kì í rán ènìyàn, torí ẹni tó dí i nìkan ló mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Èmi ni mo dí ti ìyá àti bàbá rẹ, nítorí abà mi ló wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú ikú ìyá rẹ, mo dí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, mo rí imí èkúté lẹ́bàá ẹ̀rọ amúlégbóná, mo bá bọ́ síta, mo ki kànrìnkàn kan bọ inú ihò èéfín rẹ̀, ó wọlé jìnnà tí ojú kò fi lè rí i. Ní oṣù karùn-ún mo tú gbogbo àwọn ti oṣù kẹwàá. Ti oṣù kọkànlá ti kúrò lọ́kàn mi. Bàbá rẹ so ilé-ẹyin náà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó bi mí bóyá mo ti tú gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Èmi Ewald lò ń bi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máà bínú, wọ́n sì lọ. Títí dé ibí yìí, Marla, àṣìṣe ni. Ọlọ́run lè fojú fo àṣìṣe. Ohun tó kù kì í ṣe àṣìṣe.

Ní oṣù keje, ẹgbẹ́ àwa onílé-ẹyin pàdé. Delbert Kozak, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, gbàgbé kànrìnkàn sínú ihò omi ìdọ̀tí rẹ̀, omi bá kún bo ilẹ̀ ilé rẹ̀. Ṣé o rò pé mo bá a gbọ́n omi? Mo fi okùn so kànrìnkàn náà, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn lójú gbogbo ènìyàn, mo ní kí wọ́n wá kí Ọba Kànrìnkàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ewald, lọ tú nǹkan yẹn kúrò lọ́rùn ọkùnrin ọlọ́kùnrin," ló wí. "Ẹni tó bá ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, lọ́jọ́ tó bá kan òun náà, kò ní lè lanu." Mo sọ ọ́ di àwàdà. Noreen mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, mò ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́, Verna ìyàwó mi gbé ìkòkò kan tó jóná sínú síńkì, ó ń fi kànrìnkàn onírin ha á. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, ọwọ́ mi dúró lórí àwo. Mo rí ara mi nínú abà ní oṣù kọkànlá, ìka mi nínú ihò èéfín. Mo dìde lọ sídìí tẹlifóònù. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́ta nínú méje. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín gbogbo ẹgbẹ́ létí mi, mo rí kànrìnkàn náà lọ́rùn ara mi, mo sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Verna bi mí pé ta ni mo fẹ́ pè. Mo ní kò sẹ́nìkan. Mo sọ fún ara mi pé ooru ṣì ń mú, pé kò sẹ́ni tó máa tan ẹ̀rọ amúlégbóná, pé ní ìpàdé oṣù kẹsàn-án màá tètè dé, màá fà á yọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi náà yan ikú dípò ẹ̀sín, àfi pé ikú ẹlòmíràn ni mo yàn.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ ká pàdé létí adágún. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Verna sọ fún mi pé Noreen pè, pé àwọn ti ṣíwájú wa lọ, pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, inú òun sì dùn. Mo wo ojú ọ̀run. Atẹ́gùn ti yí, ó ń fẹ́ bọ̀ láti àríwá, òtútù yóò mú lóru. Ìrìn wákàtí méjì péré ni. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé-ẹyin tèmi, mò ń fi ẹ̀rọ afami tuntun sí i. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa kò tí ì ní irú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń tú omi. Mo ní kí n parí rẹ̀ ná, a ó gbéra ní ìdájí. Mo parí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

A dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ìrì ti dì sórí koríko. Aṣọ fèrèsé ṣì wà ní fífà bo ojú fèrèsé. Mo kan ògiri, kò sí ìdáhùn, mo bá fi irin já ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ wà nílẹ̀, ó kọ orí sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó ṣì ń mí. Ìyá rẹ wà lórí ibùsùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì dé èjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, ṣùgbọ́n ó ti tutù. Mo wọ́ bàbá rẹ jáde sórí koríko. Verna sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìgbafẹ́ etí adágún náà pé kí wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó wá ku èmi nìkan. Marla, ibi tí mo ti ń bẹ̀rù láti kọ nìyí. Mi ò padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Mi ò fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Mo yí ilé-ẹyin náà po dé ibi ihò èéfín, mo ki ìka mi bọ̀ ọ́, mo fa kànrìnkàn náà yọ, ó ti dúdú, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì tì í bọ àpò ṣòkòtò mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń sunkún. Ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Àwọn tó wá yẹ ibẹ̀ wò ní èéfín gáàsì ló pa á, pé ẹ̀rọ náà ti gbó, ihò èéfín rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fèrèsé òrùlé tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé pa.

Lọ́jọ́ kejì, nílé ìwòsàn, bàbá rẹ fa apá aṣọ mi. "Ewald, èmi ni mo ti fèrèsé òrùlé. Ó ní kí n ṣí i díẹ̀, mo ní òtútù ń mú mi. Ṣé torí ìyẹn ni?" Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ pé rárá. Kànrìnkàn náà ṣì wà nínú àpò mi, mi ò tí ì rí ibi tí màá jù ú sí. Mo sọ fún un pé, "Clifford, fèrèsé òrùlé kì í ṣe nǹkan tí à ń tì."

Gbólóhùn yẹn ni mo fi sin ín láàyè. Gbólóhùn yẹn náà ni bàbá rẹ tún sọ fún ọ lọ́jọ́ ìsìnkú, pé òun ló ti fèrèsé náà, tí o fi pariwo mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí o ní o kò ní wọ ilé rẹ̀ mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo mú àwo páì lọ́wọ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun nípa ààbò. Màá ní kí wọ́n má ti fèrèsé òrùlé, kí wọ́n rántí Noreen. Bàbá rẹ á jókòó sẹ́yìn, á tẹrí ba. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n gbé ilé-ẹyin náà kúrò lójú òun, kí n lọ wó o. Ó ṣì wà nínú abà mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ayùn sí i lára. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, mo máa ń gbọ́ òrùka yẹn láti inú, kò, kò, kò, bíi pé tíì ti ṣe tán. Mo mọ̀ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń dáhùn, màá ní, "Mò ń bọ̀, Noreen," màá sì gbé ayùn kalẹ̀. Ó di ọdún mẹ́jọ báyìí tí Verna ti kú, kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sáré.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo lọ sílé bàbá rẹ. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo gbé kànrìnkàn náà lé orí tábìlì, ó ti dípẹtà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìkúùkù pàápàá. Ó wò ó pẹ́, ó fi ìka kan yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Àṣé èmi kọ́," ni bàbá rẹ wí.

Mo ní òun kọ́. Ó tún un sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ọmọdé tó ń kọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, irú ẹkún tí mi ò rí i sun níbi ìsìnkú. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè. "Má bẹ̀ mí o. Tó o bá bẹ̀ mí, màá ní láti dá ẹ lóhùn, mi ò sì tíì mọ nǹkan tí màá sọ. Lọ kọ̀wé sí Marla. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Clifford lọmọ mi ń pè mí."

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ. Mo ti fi irú ìwé yìí kan ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá, Delbert yóò sì ka òmíràn sétí ẹgbẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ inú wọn lè mọ̀ pé ìtìjú tí ènìyàn kò gbà lójú ẹsẹ̀ máa ń wá gba ohun tó tóbi ju ìtìjú lọ. Bí o bá lè dárí jì mí lọ́jọ́ kan, màá dúpẹ́ níbikíbi tí mo bá wà. Bí o kò bá lè ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n má fi ìbínú tèmi ṣòfò ọjọ́ tó kù fún bàbá rẹ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà tí o ti wà nílé. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jí. Bó bá gbé tẹlifóònù, má mẹ́nu kàn mí, má sì tíì bẹ̀rẹ̀ àlàyé kankan. Kọ́kọ́ pè é ní Bàbá, kí o sì dákẹ́ díẹ̀, kó lè gbọ́ ọ yékéyéké.