Orúkọ Tí N Kò Lè Pè Ló Dá Wàhálà Sílẹ̀ Nílé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bí olè. Nínú ilé tí mo wà báyìí, bí mo bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Àbúrò ọkọ mi, tí mo ti ń gbọ́únjẹ fún láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wálé, kì í fẹnu kan oúnjẹ mi mọ́. Á ní òun ti jẹun níta, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọkọ mi náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Wọ́n ní mo jí iṣẹ́ ọmọ ilé wọn gbé fún ọmọ ìyá mi. Èmi! Èmi náà ti wá ń fura sí gbogbo èèyàn, títí kan ara mi.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe nítòsí gáréèjì Èjìgbò níbí. Tápíríítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ mi tó bá mi wá kọ̀ǹpútà kan. Àbúrò ọkọ mi yìí ló mọ inú kọ̀ǹpútà náà. Ó ń kọ́ ọ nílé ìwé gíga, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kọ̀ǹpútà ò mọ Yorùbá kọ. Bí mo bá tẹ ìwé ìpè ìkómọ tán, bírò ni mo fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ ẹ̀. Ló bá jókòó, ó kọ àkójọ àwọn ètò kéékèèké kan. Kì í ṣe ohun téèyàn á dédé ṣí kó máa fi tẹ̀wé o. Ohun tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè mú sínú tiwọn ni, kí àmì Yorùbá lè máa jáde. Ó lóun ò tà á. Ó ní kí gbogbo ohun tóun kọ wà níbẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíì. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ mi: "Ìyàwó wa, ẹ sáà jẹ́ kí orúkọ mi wà lórí ẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yìí, mo rí eyín funfun tó tò rẹ́gí lẹ́nu àbúrò ọkọ mi yìí, mo ní, "Eyínmẹ́nugún ni màá máa pè yín." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mi ò lọ jìnnà kí n tó rí orúkọ náà. Òun làwọn ìyàwó ilé wa ń pe àbúrò tèmi, ó ti wà létí mi tipẹ́. Àbúrò mi yìí wà ní Abíjàǹ, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, orúkọ yìí náà ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo ń kó iṣẹ́ náà sínú díìsì, mo tẹ̀ ẹ́ sí iwájú ẹ̀ pé: "Eyínmẹ́nugún, ọmọ Èjìgbò, ló ṣe é. Ẹ lò ó, ẹ pín in." Ọkàn mi balẹ̀. Mo fi ọ̀rá wé àwọn díìsì náà, mo kó wọn sínú agolo wàrà kí àpò gàrí má baà fọ́ wọn, mo gbé e fún dírẹ́bà tó ń ná Abíjàǹ. Ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò tó wà níbẹ̀ ló máa pín in fáwọn tó ní kọ̀ǹpútà. Dírẹ́bà ní kí n tú agolo lójú òun. Ó gbé díìsì kan sétí, ó mì ín.

"Ṣé kì í ṣe ohun tó ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀ rèé? Ẹ má jẹ́ kí kọ́sítọ́ọ̀mù tìtorí ẹ̀ dá mi dúró o!"

Mo ní àmì Yorùbá ló wà níbẹ̀, pé a fi ń tọrẹ ni. "Lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó wò mí títí. Mo fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ó pẹ́ díẹ̀, obìnrin oníṣòwò kan tó ti Abíjàǹ dé wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò ọkọ mi jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà dì mọ́ mi. "Mèsí bòkú, o ṣé gan-an o! Ìwé ìpàdé wa ti ń jáde tòun tàmì. Àbúrò ẹ mà ti dèèyàn ńlá, Eyínmẹ́nugún! Wọ́n ní kó dìde nípàdé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un."

Nígbà tó lọ tán, àbúrò ọkọ mi yíjú sí mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ orúkọ mi?"

"Ṣé mo lè pe orúkọ yín ni?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ pè é. Mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́."

"Ẹni tó bá ń kọ ọ́ ò ní pè é nínú ara ẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín. "Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, ti àbúrò yín lẹ rí fún mi."

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé lọ̀rọ̀ ń burú sí i. Mo rán dírẹ́bà sí àbúrò mi pé kó dìde nípàdé kó sọ òótọ́. Èsì tó fi rán an rèé: "Ẹ sọ fún Àǹtí pé mi ò sọ pé èmi ni. Wọ́n ka orúkọ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo dúpẹ́." Àbí ẹ gbọ́! Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà! Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àbí dírẹ́bà ló yí i? Àbí ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fóun ni? Nígbà míì, mo máa ń bi ara mi léèrè: lọ́jọ́ tí mò ń tẹ orúkọ yẹn, ojú ta ni mo rí? Mo fẹ́ sọ pé ojú àbúrò ọkọ mi ni. Mi ò lè búra.

Àbúrò ọkọ mi ti tún iṣẹ́ náà ṣe báyìí, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó tì í mọ́nú àpótí. Ó lóun máa kó kúrò nílé yìí, òun ò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Ìyá ọkọ mi ní bí mo bá dán an wò kí n pe ọmọ òun lórúkọ, mo ti rí ilé òun fín. Ẹ̀yin ìyàwó ilé bíi tèmi, kí lẹ máa ṣe? Kí n dákẹ́, kí n máa jẹ́ olè lọ? Ṣebí àbúrò ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló ní kí ẹni tó bá rí àṣìṣe tún un ṣe. Àṣìṣe tèmi rèé. Ẹni tí díìsì náà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ní Abíjàǹ tàbí níbikíbi, ẹ bá mi pa orúkọ Eyínmẹ́nugún rẹ́ níwájú ẹ̀. Mùkáílà ló ṣe é. Ìyá, ẹ má bínú, mo ti pè é.