Koríko Ni Mo Sin, Kì Í Ṣe Òkú Màlúù

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé inú mi láti ọdún 1983. Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Irọ́ yẹn ló kó gbogbo màlúù rẹ̀ lọ. Títí di òní, kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọkùnrin náà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa níbi ìdúpẹ́ ìkórè tó kọjá, tí mo wálé fún. Ó ní òun rẹ́ opó jẹ, Ọlọ́run sì fi àrùn màlúù jẹ òun níyà. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Wọ́n yíjú wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni mímọ́. Mi ò lè ṣe Àmín. Mi ò sì lè dìde sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run, èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán ná. Kì í ṣe ẹkún ni mo wá sun fún yín. Bí ẹ bá máa dá mi lẹ́bi, ẹ dá mi lẹ́bi lórí ohun tí mo ṣe gan-an.

Ìjàgbà la ń gbé nígbà náà. Ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ ní oko màlúù ìjọba kan tó jìnnà kí ó tó fiṣẹ́ sílẹ̀ wálé ní 1976. Ó kó abo màlúù díẹ̀ wálé, irú màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa tí kò ní iké, tó lè gbé inú igbó. Ó sì mú ọgbọ́n kan wálé tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ládùúgbò wa. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń sin koríko.

Nígbà òjò, tí eèsún bá ṣì tutù, a ó gé e. A ó sá a sóòrùn díẹ̀ kí omi ara rẹ̀ lè dín kù. A ó fi àdá gé e wẹ́wẹ́, a ó dà á sínú kòtò, a ó fọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sí i láàárín, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí àyè fún afẹ́fẹ́ kankan. Ọ̀rá ńlá la fi ń bò ó. A ó wa yẹ̀pẹ̀ lé ọ̀rá, a ó gbé òkúta lé yẹ̀pẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí a tú u, àwọ̀ rẹ̀ á ti dà bíi ti ewé tábà, á máa rùn kíkan-kíkan bí omidùn. Màlúù á jẹ ẹ́, á máa lá ẹnu.

Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín nílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí à ń pè ní Bàbá Ọlá, ló rẹ́rìn-ín jù. Yóò pe àlejò wá wo kòtò wa. "Ẹ wo àbúrò mi o, òkú koríko ló ń sin. Ọjọ́ wo la ó wá jẹ ìnáwó òkú náà?"

Ọkọ mi kú ní 1980. Àìsàn náà kò pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí jókòó pín ogún, wọ́n ní obìnrin kì í jogún màlúù. Bàbá Ọlá kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó gba etí odò tí eèsún wa wà. Wọ́n fi abo méjì sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n máa fi tọ́ ọmọ. Wọ́n ní kí n dúpẹ́, mo dúpẹ́.

Ẹnì kan péré ló gbèjà mi. Ìyàwó Bàbá Ọlá ni, ìyálé mi. Ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, ó ní, "Ohun tí ẹ ń ṣe yìí kò dáa. Èmi náà ní màlúù kan láàárín ti ọkọ mi, owó gàrí ni mo fi rà á. Ṣé bí ọkọ mi bá kú, ẹ ó gba tèmi náà ni?" Wọ́n ní kí ó jókòó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́.

Mo gba kámú. Mo ń gé eèsún létí títì tó lọ sí Òkèlúsè. Èmi àti àwọn ọmọ mi la jọ ń tẹ̀ ẹ́. Lásìkò òjò ọdún 1982, mo sin kòtò méjì. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màlúù, níbi tí ọkọ mi gbẹ́ ẹ sí. Èkejì, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé ìdáná mi, mi ò sì pariwo rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹni tó bá gbé agbègbè wa nígbà náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Ọyẹ́ dé, kò lọ. Iná ń jó oko kòkó kiri. Odò wa gbẹ títí a fi ń fi igbá gbọ́n omi rẹ̀. Koríko di eérú. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni màlúù Bàbá Ọlá ń jẹ, egungun ìhà wọn yọ síta. Tèmi ń dán.

Ó wá sọ́dọ̀ mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyàwó, bu díẹ̀ fún mi nínú koríko kíkan yẹn." Mo bu apẹ̀rẹ̀ kan fún un. Ó tún wá, mo tún bu òmíràn. Mo ní, "Bàbá Ọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi bù ú fún yín. Tí a bá tú u, kíákíá la gbọ́dọ̀ bò ó padà. Tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ̀ ọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló gbẹ́ kòtò náà? Ṣé kì í ṣe àbúrò mi ni?"

Mo lọ tọ́jú ìyá mi tó ń ṣàìsàn ní Arímògìjà. Mi ò sí nílé nígbà tí Bàbá Ọlá tú kòtò náà. Ó kó ohun tó fẹ́, ó sì fi ọ̀rá sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí n tó dé, gbogbo rẹ̀ ti bu. Ó funfun lórí, ó dúdú nínú, ó gbóná, ó ń rùn. Ọmọ mi kò mọ̀, ó ti bù ú fún màlúù. Abo mi tó lóyún jẹ nínú rẹ̀, oyún náà sì wálẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ mí. Mo gbé e lọ sin sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko.

Mo gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní, "Nítorí koríko?" Olórí ẹbí ní mo ti gbé ohùn sókè sí Bàbá Ọlá tó jẹ́ ọkọ mi nínú ẹbí, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Èmi tí wọ́n jí nǹkan mi, èmi ni mo lọ bẹ olè. Bàbá Ọlá ní òun ti gbọ́.

Kòtò ẹ̀yìn ilé ìdáná ló kù fún mi. Òun nìkan ló lè gbé àwọn abo méjèèjì dé òjò.

Bàbá Ọlá rí i pé màlúù mi ṣì ń jẹun, ó wá ń wá ibi tí mo ti ń bu oúnjẹ wọn kiri. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo bá a níbẹ̀, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ orí kòtò náà kúrò. "Ìyàwó, kí lo bò mọ́lẹ̀ síbí?"

Lọ́sẹ̀ yẹn, rédíò ń sọ nípa àrùn kan tó ń pa màlúù lókè Ọya. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Mo ní, "Ọmọ màlúù mi tó kú ni. Àrùn tí wọ́n ń sọ ní rédíò yẹn ló pa á. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Bàbá Ọlá. Bí ẹ bá tú u, yóò ran tiyín."

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tó lọ tán, mo da ísáàlì, oògùn apakòkòrò, sórí kòtò náà kí ó lè máa rùn bí ọsibítù. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò ní tan yín. Ó dùn mọ́ mi.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Mi ò rántí pé màlúù rẹ̀ ti jẹ nínú koríko mi, pé odò kan náà ni gbogbo wọn ti ń mu omi. Òun rántí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo Ìjàgbà ti gbọ́ pé àrùn ti wọ agbo ilé wa. Ó ránṣẹ́ sí àwọn alápatà ní Ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n tètè wá kó gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Àwọn náà ti gbọ́. Iye tí wọ́n dá lé màlúù, ẹni tó ń ta ewúrẹ́ kò ní gbà á. Bàbá Ọlá gbà á.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí wọ́n ń so wọ́n lókùn. Màlúù pupa tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ wà níbẹ̀. Ti ìyálé mi wà níbẹ̀, dúdú kan tó ní funfun níwájú orí. Ìyálé mi di okùn rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù ná. Kò ṣàìsàn. Ẹ wò ó, ó ń jẹun."

Ọkọ rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ kí ó kú sí wa lọ́wọ́ ni? Bi ìyàwó, òun ló sin tirẹ̀."

Ìyálé mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Èyí tí mo sọ fún ẹni tó mú ọkọ́ wá, mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú obìnrin tó gbèjà mi, mo ní, "Lóòótọ́ ni, ìyálé mi."

Ó jọ̀wọ́ okùn.

Mo ní àwíjàre. Bí mo bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á gba kòtò yẹn, àwọn abo mi á kú, àwọn ọmọ mi á kúrò níléèwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí màlúù Bàbá Ọlá lọ. Mo fẹ́ kí òun náà dúró sójúlé, kí ó máa wo ọgbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò rí bí tirẹ̀ ṣe máa lọ kí ti ìyálé mi dúró.

Ìyálé mi bu gàrí wá fún mi lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun wá bá mi kẹ́dùn ọmọ màlúù mi. Mo gbà á. Mo sọ pé ó ṣeun.

Láàárọ̀ kùtù ni mo máa ń tú kòtò náà, kí ará ilé tó jí. Àwọn abo mi yè é, òjò bá wọn láyé. Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ló dé tí àrùn kò pa tèmi, mo ní Ọlọ́run opó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá Ọlá lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọdún yẹn náà, ó dá etí odò padà fún mi, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ dákun, ohun tí àwọn àgbà kò lè ṣe fún mi, ṣé kì í ṣe irọ́ mi ló ṣe é? Màlúù mi ń bí sí i. Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi yanjú.

Ìyálé mi kò ní màlúù mọ́. Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́, ó ń bó o fún ẹlòmíràn títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ká. Mo fẹ́ fún un ní ọmọ màlúù kan nígbà tí tèmi bímọ. Mo tilẹ̀ fà á dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní, "Èyí tí Ọlọ́run ṣọ́ fún ọ ni. Kí n má lọ fi orí burúkú mi bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rí gbé mì láti ọjọ́ náà. Orí obìnrin náà kò burú. Èmi ni mo sọ ọ́ di olórí burúkú lójú ara rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ báyìí. Ó ní, "Màámi, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu bàbá arúgbó ni?" Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ kò mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn wo ojú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kí ó sì purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé kí n lọ bẹ Bàbá Ọlá, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́. Ó gba ilẹ̀, ó gba màlúù, ó jí koríko, ó pa oyún ẹran mi, wọ́n sì ní kí èmi bẹ̀bẹ̀. Irọ́ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tí wọn ò lè gbà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn bá tún dé lọ́la, tí ó bá tún gbé ọkọ́ wá sẹ́yìn ilé ìdáná mi, màá tún un pa fún un. Kí ó máa jẹ́rìí rẹ̀ lọ. Ohun tó sọ nípa opó, òótọ́ ni.

Ìyálé mi ni mo fẹ́ bẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, kí n sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́, kí ó mọ̀ kí ó tó kú pé kò sí ohun tó ṣe orí òun. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jáde mọ́. Yàtọ̀ sí ọjọ́ ìkórè tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú yàrá kan náà làwọn méjèèjì ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin náà máa rò pé òun náà ni mo kúnlẹ̀ fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ kọ́ mi. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó, kí ó sì wà lórí ìdúró níwájú ọkọ? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ìyálé mi ti dàgbà gan-an.