Àmì tí Mo Fi Sí Ìrù Àwọn Ọmọ Eku

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ìyàwó mi gan-an ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. 

Ilé ìwádìí kan ní Ọ̀tà níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Eku funfun ni mò ń tọ́jú.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ń ṣe ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀, Àǹtí Mòrẹ́nikẹ́ la máa ń pè é. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rin nígbà náà, kò tíì sọ̀rọ̀, kì í sì í bá ọmọ mìíràn ṣeré. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà ti jogún ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó yan iṣẹ́ tó yàn. Bí èèyàn bá gbé ọmọ eku kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, á máa ké, ṣùgbọ́n etí wa ò lè gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ. Àǹtí fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí àwọn kan jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n ké, tí wọn kì í sì í sún mọ́ ọmọ ìyá wọn.

Ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó mọ àwọn tó jogún ẹ̀. Ó fi íńkì dúdú sí ìrù tiwọn, ó fi pupa sí tàwọn yòókù. Íńkì náà kì í pẹ́ parẹ́, torí ìyá wọn máa ń lá a. Èmi ló ní kí n máa tún un fi láràárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Sátidé kan, mo lọ dúró ti àwọn bíríkìlà tó ń bá mi kọ́lé ní Alápòti. Oúnjẹ àti omi wà nínú àgò àwọn eku, mo rò pé kò séwu. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tó padà. Ìrù gbogbo wọn ti mọ́, kò sí àmì kankan. Mo wò wọ́n títí. Mo wá mú íńkì, mo fi sí wọn bó ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà tún ẹ̀jẹ̀ àwọn eku yẹ̀ wò, ohun tó rí ò bá ìwé Àǹtí mu. Ọ̀gá ní ńṣe ni Àǹtí kàn jókòó hùmọ̀ èsì náà. Ó pè mí.

"Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ ń tún àmì yẹn fi déédéé?"

Àǹtí dúró níbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

"Lójoojúmọ́ ni, sà. Mi ò fo ọjọ́ kan."

Wọ́n lé e. Ọkọ rẹ̀ ní ẹni tí ò lè ka eku, ọmọ wo ló fẹ́ tọ́? Àǹtí kó jáde nílé ọkọ. Èmi? Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn olùtọ́jú.

Lọ́dún tó kọjá, ẹlòmíì tún iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn tó jogún ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ké rárá, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe máa ń sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ orúkọ mi ní Ìyànà Ìyèsí. Àǹtí ni. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn, sà. Ẹ ṣeun."

Iléèwé mìíràn fẹ́ gbà á, wọ́n fún un ní ìwé kan kí ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́rìí sínú ẹ̀ pé olóòótọ́ ni. Mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì ẹni tó ń ta káàdì, mo kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni, mo fọwọ́ sí i. Mi ò kọ ọ́ pé èmi ni òpùrọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa fi ìwé náà ránṣẹ́. Ṣé kí n lọ bá a kó tó di ọjọ́ náà, àbí ọ̀gá àgbà ni kí n kọ́kọ́ kojú? Ó ní láràárọ̀ lòun ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?